Ẹ̀yìn Tí Kò Dun Ìjàpá

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o! Àbí oúnjẹ alẹ́ ti dí yín lẹ́nu ni?

— Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, kò ríbi jókòó sí, ó wá lọ jókòó lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo lórí. Ó tún nasẹ̀, ó kan Ẹtu, opó tí ẹ̀yìn ń dùn. Bí mo bá dé ibi orin, ègbè kan náà ni kí ẹ máa gbè: "Rọra o, rọra." Kò ṣòro. Àbẹ̀jẹ́, gbé orí kúrò lórí itan mi, ó wúwo ju ọjọ́ orí rẹ lọ.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, Ìjàpá kò ní igbá lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀yìn alángbá. Ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì. Bí ijó bá dé, Ìjàpá a tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀, a tún tẹ̀ sẹ́yìn títí yóò fi máa bá àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fojú rinjú. Ẹ̀yìn tó dára ni. Ẹni tó ni ín kò mọ̀ pé ó dára, torí kò dùn ún rí.

Ṣé ẹ mọ àáró? Ìṣọ̀lá, má mi orí bí ẹni tó mọ̀, o kò mọ̀ ọ́n. Àáró ni pé kí àwọn àgbẹ̀ kó ara wọn jọ. Lónìí, gbogbo wọn á lọ sí oko tèmi, wọ́n á bá mi kọ ebè. Bí tèmi bá parí, gbogbo wa á kọjá sí oko tìrẹ. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oko rẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oko mi. Kálukú ló ní ìlà ebè tirẹ̀ tí yóò kọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í bá ẹlòmíràn kọ tirẹ̀. Aláìsàn nìkan ni kì í wá. Aláìsàn, ńṣe ni àwọn tó kù á máa gbé oúnjẹ lọ bá a nílé títí ara rẹ̀ á fi yá.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí Ìjàpá fi í sọ́kàn.

Lọ́dún náà, Ìjàpá, Ẹtu, Ìmàdò àti àwọn ẹranko mìíràn ṣe àáró. Ọ̀rọ̀ wá di oko ta ni wọn ó kọ́kọ́ lọ. Ìjàpá dìde, ó ní, "Oko tèmi ló jìnnà jù. Ẹ jẹ́ ká fi agbára tuntun síbẹ̀, ká fi èyí tó bá kù ṣe àwọn tó wà nítòsí." Wọ́n ní ó sọ òótọ́. Wọ́n lọ sí oko Ìjàpá.

Háà, wọ́n ṣiṣẹ́! Ìmàdò ń tú ilẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ ṣẹ̀. Ìjàpá ńkọ́? Ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó ń lọ láti ìlà dé ìlà. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú làálàá! Ìmàdò, apá rẹ ò ní rọ!" Ọkọ́ rẹ̀ kò fojú kan ilẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Kùkùté igi kan wà láàárín oko náà. Ìjàpá pe Ẹtu.

"Ẹtu, ìwọ tí ara rẹ yá, bá mi gbé nǹkan kékeré yìí kúrò lọ́nà."

Nǹkan kékeré! Ẹtu kò bèèrè ìrànlọ́wọ́. Ó na ẹsẹ̀ gbọn-in, ó tẹ ẹ̀yìn kòrókòró, ó na apá jáde, ó fa kùkùté náà, ó sì tún yí ìbàdí láti jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ró kàù. Ó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Bó ṣe tẹ̀ náà ló ṣe rìn dé ilé, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Ìjàpá ní, "Ẹtu, ẹ̀ẹ́ pẹ̀lẹ́ o." Ó sì lọ jẹun.

Ẹtu yìí, ọdẹ ti pa ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kéré, wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọkọ́. Oko tirẹ̀ ló sì kàn báyìí. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí òjò bá kásẹ̀ ńlẹ̀ tán kí ebè tó parí, ilẹ̀ yóò le bí òkúta, èèbù iṣu tó ti kó jọ yóò jẹrà sínú abà, ebi yóò sì pa àwọn ọmọ náà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹtu mọ èyí. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ń sunkún. Kì í ṣe ẹ̀yìn ló ń pa á lẹ́kún o. Ebè ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi ọ̀pá wọ́ ara rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Òjòlá.

Ìyá Òjòlá ló ń tọ́jú ẹ̀yìn fún gbogbo ẹranko. Ta ni ìbá tún tọ́jú ẹ̀yìn? Kò lápá, kò lẹ́sẹ̀, láti ọrùn dé ìrù, eegun ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ̀yìn ń ṣe ènìyàn, ó ti ṣe òun náà rí, níbi púpọ̀.

Ẹtu ní, "Ìyá, ẹ gbà mí. Ẹ má sọ pé kí n dùbúlẹ̀ o. Bí mo bá dùbúlẹ̀, àwọn ọmọ mi gbé."

Ìyá Òjòlá rọra fi ìrù tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ṣé o mọ ẹsẹ̀ rẹ lára?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá. Ó tilẹ̀ ń ro mí."

"Ṣé ó kú tipiri, tàbí ó ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ?"

"Rárá."

"Ìtọ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń dúró tí o bá ní kó dúró?"

"Ó ń dúró, Ìyá."

"Ṣé ibà ń ṣe ọ́? Ṣé o já láti ibi gíga?"

"Rárá o."

Ìyá Òjòlá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yìn rẹ kò bàjẹ́, ọmọ mi. O dá a lágara ni. Ta ló ní kí o gbé kùkùté bí ẹni ń yọ ata? Má dùbúlẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí báyìí tó bá lọ dùbúlẹ̀, ẹ̀yìn náà á tún gan sí i. Rìn lọ sí odò láàárọ̀, rìn bọ̀ nírọ̀lẹ́, kódà bó bá ń dùn ọ́ díẹ̀. Fi aṣọ inú omi gbígbóná lé e. Bí o bá fẹ́ sùn, fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí o ká orúnkún. Bí o bá sì fẹ́ gbé nǹkan, lóṣòó. Gbá a mọ́ àyà. Itan ni kí o fi dìde, má fi ẹ̀yìn dìde. Kò ní tán lọ́la. Àmọ́ yóò tán."

Ẹtu ní, "Ṣé mo wá lè kọ ebè, Ìyá?"

"Díẹ̀díẹ̀. Kọ díẹ̀, dìde, na ara, tún kọ díẹ̀. Àwọn tí mò ń bẹ̀rù fún ni àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kú, tí ìtọ̀ ń ṣe bó ṣe fẹ́, àwọn tó já láti òkè. Àwọn yẹn, eegun ẹ̀yìn wọn lè ti sán. A kì í jẹ́ kí wọ́n mira rárá. Ńṣe là ń dì wọ́n, tí wọ́n ń gbé wọn, tí wọ́n ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu."

Ẹ dákẹ́ o. Ta ló wà lẹ́yìn ògiri?

Ìjàpá ni! Ó wá tọrọ ẹyin iná lọ́dọ̀ Ìyá Òjòlá. Ó bá wọn lẹ́nu ọ̀rọ̀, ó dúró, ó ń gbọ́. Gbogbo ohun tí Ìyá Òjòlá sọ nípa rírìn, nípa lílóṣòó, nípa aṣọ gbígbóná, ọ̀kan kò wọ Ìjàpá létí. "Tí wọ́n ń gbé wọn, tí wọ́n ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu," ìyẹn wọ̀ ọ́ létí, ó tún jókòó síbẹ̀. Ìjàpá gbàgbé iná. Ó sáré lọ sílé.

Ó bá Yánníbo níbi tó ti ń fọ ìkòkò.

"Yánníbo, ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Níbo?"

"Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó di ọ̀la."

Yánníbo gbé ìkòkò sílẹ̀. Ó ní, "Baálé mi, ẹ má ṣe é. Àwọn èèyàn wọ̀nyí bá yín kọ ebè. Ẹtu kò lè nàró títí di báyìí nítorí kùkùté yín."

Ìjàpá ní, "Ẹtu ti rí ìtọ́jú tirẹ̀. Jẹ́ kí èmi náà lọ rí tèmi."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìmàdò gbé ọkọ́, ó yà láti pe Ìjàpá lọ sí oko Ẹtu. Ó bá a ní gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti yí, ó ń kọrin. Ẹ gbè é o!

Ẹ̀yìn mi o, ẹ̀yìn mi!
— Rọra o, rọra.
Ẹsẹ̀ mi kú, n ò mọ̀ ọ́n!
— Rọra o, rọra.
Ẹ bá mi gbé, ẹ má mì mí!
— Rọra o, rọra.
Ẹ fi iyán sí mi lẹ́nu!
— Rọra o, rọra.
Bí ọbẹ̀ bá wà, ẹ bù ú sí i!
— Rọra o, rọra.

Ìmàdò kì í ṣe ẹni tó ń ro nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ pe Ìyá Òjòlá.

Ìyá Òjòlá dé. Ó ká ara rẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjàpá, ó ń wò ó. Ẹ sì mọ̀ pé ejò kì í ṣẹ́jú.

"Ìjàpá, ṣé o já láti òkè ni?"

"Mo já, Ìyá. Mo já gan-an."

"Níbo lo ti já?"

"Láti... láti orí ẹní."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Aláìsàn ni.

"Ibà ńkọ́?"

"Ibà wà lára mi, ó pọ̀."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó kú."

"Èwo nínú wọn ló kú?"

"Ìyá, mélòó ni wọ́n sábà máa ń kú?"

"Bó bá le gan-an, gbogbo rẹ̀ ni."

"Gbogbo rẹ̀ ni."

"Ìtọ̀ ńkọ́?"

Ìjàpá wo Ìmàdò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìtìjú mú un díẹ̀. Ó wá rántí iyán. Ó ní, "Ìyẹn náà ń ṣe bó ṣe fẹ́."

Ìyá Òjòlá fa ẹ̀gún ọsàn kan yọ, ó gún Ìjàpá ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣé kò dùn ún ni? Ó dùn ún dé ọpọlọ! Ṣùgbọ́n iṣu sísè tí Ìjàpá ń jẹ kí wọ́n tó dé ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gé e jẹ, kò mira. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ló bọ́ lójú rẹ̀.

"Omi wo nìyẹn?"

"Àánú ara mi ló ń ṣe mí, Ìyá."

Ìyá Òjòlá gbé ẹ̀gún náà sílẹ̀. Ó wá ní, "N kò sí nínú ara rẹ. Ìwọ nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe ọ́, ohun tí o bá fi ẹnu rẹ sọ ni mo fi ń tọ́jú rẹ. Mo máa dì ọ́. Igbá ńlá ni n ó fi dé ọ lẹ́yìn, n ó fi pákó pẹlẹbẹ gbé àyà rẹ, n ó sì fi oje igi lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí ẹ̀yìn má lè mì. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Oje yìí, bí ẹ̀yìn bá nílò rẹ̀, ó ń gbé e ró. Bí ẹ̀yìn kò bá nílò rẹ̀ mọ́, ńṣe ló máa wọ inú eegun lọ, kò sì sẹ́ni tó lè yà wọ́n. Àràárọ̀ ni n ó máa wá bi ọ́ bóyá o ti mọ ẹsẹ̀ rẹ lára. Lọ́jọ́ tí o bá ti mọ̀ ọ́n, sọ, n ó ṣí i lójú ẹsẹ̀."

Ìjàpá ní, "Mo gbọ́, Ìyá. Iyán ńkọ́?"

Bí wọ́n ṣe di Ìjàpá nìyẹn. Igbá lókè, pákó nísàlẹ̀, orí níwájú, ìrù lẹ́yìn. Ó rí bí àwo tí wọ́n dé tí wọ́n gbàgbé ọwọ́ alásè sínú rẹ̀.

Ayé wá dé. Lónìí ọ̀lẹ̀lẹ̀, lọ́la àsáró, lọ́túnla iyán pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Yánníbo ló ń gbé e sínú oòrùn láàárọ̀, òun náà ló ń gbé e padà sábẹ́ igi lọ́sàn-án. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn Yánníbo gan-an fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ìyá Òjòlá ní láti kọ́ ọ bó ṣe máa lóṣòó kó tó gbé ọkọ rẹ̀. Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ló ń gbé ẹni tí ẹ̀yìn kò dùn.

Ẹ jẹ́ ká yọjú sí oko Ẹtu.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ẹtu rìn dé ìdajì ọ̀nà odò, ó jókòó, ó sunkún, ó dìde, ó dé odò. Lọ́jọ́ kejì ó dé odò kó tó sunkún. Ó ń fi aṣọ gbígbóná lé ẹ̀yìn, ó ń ká orúnkún sùn. Nígbà tó yá, ó gbé ọkọ́ kékeré, ó kọ ebè kan, ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbàdí, ó na ara, ó tún kọ òmíràn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyá wa ń kí ọ̀run." Ẹtu ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Ìmàdò àti àwọn tó kù ti kọ ìlà tiwọn tán. Ìlà kan ṣoṣo ló kù, ìlà Ìjàpá.

Ìmàdò ní, "Ẹtu, ká pín ìlà yìí láàárín ara wa, kó tán."

Ẹtu ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òkú ni a máa ń pín nǹkan rẹ̀. Ìjàpá kò kú. Bó bá dìde tó bá ìpín rẹ̀ níbi tí a fi í sí, yóò mọ̀ pé a ṣì kà á mọ́ra wa."

Inú rere ni o. Ẹ wo ohun tí inú rere máa ń ṣe fún ọ̀lẹ. Ẹtu gbé àsáró lọ fún Ìjàpá nírọ̀lẹ́, ó jókòó tì í, ó ní, "Ìjàpá, má dààmú rárá. Ìlà tìrẹ wà níbẹ̀, a kò fọwọ́ kàn án. Bí ara rẹ bá ṣe yá ni wàá bá a."

Ìjàpá kò lè gbé àsáró náà mì. Ó ní, "Ẹ̀yìn mi o!"

Ó ti rò ó pé bí oko Ẹtu bá parí, ara òun á yá. Oko Ẹtu kò sì lè parí àfi bí ara òun bá yá. Kí ló kù kó ṣe? Kó máa ṣàìsàn lọ.

Ìyá Òjòlá a dé láàárọ̀. "Ìjàpá, ṣé o ti mọ ẹsẹ̀ rẹ lára?"

"N kò mọ̀ ọ́n, Ìyá."

Ẹ̀gún. Iṣu lẹ́rẹ̀kẹ́. Omijé kan.

Ọjọ́ kejì. "Ìjàpá, ṣé o ti mọ ẹsẹ̀ rẹ lára?"

"N kò mọ̀ ọ́n, Ìyá."

Ẹ̀gún. Iṣu. Omijé.

Yánníbo fi ọwọ́ kan etí igbá náà. Ó ní, "Baálé mi, oje yìí ti ń gbẹ, n kò rí àlàfo rẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ òótọ́ lọ́la. Ìlà ebè kan ni. Kí ni ìlà ebè kan?"

Ìjàpá ní, "O kò rí bó ṣe gùn tó. Òjò ti fẹ́ lọ. Bí ilẹ̀ bá ti le, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kí n wá kọ ọ́ mọ́. N ó dìde lọ́jọ́ yẹn."

"Èèbù àwọn ọmọ Ẹtu ńkọ́?"

Ìjàpá ti sùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sùn. Yánníbo wò ó títí, inú bí i, ojú sì tì í fún un. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìjàpá gbàgbé láti fi iṣu sẹ́nu. Ẹ̀gún wọlé. Ìjàpá ń retí ìrora, ìrora kò fi bẹ́ẹ̀ wá. Kò sí omijé. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé òun ti mọ iṣẹ́ náà ṣe ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, ojú ọ̀run ṣú. Òjò rọ̀, òjò tó máa ń dágbére. Ẹtu dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí ilẹ̀ tó ń rọ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Ó mọ̀ pé bí oòrùn bá ti kọ lu ilẹ̀ yìí tán, ó parí. Ó gbé ọkọ́. Ó lọ sínú ìlà Ìjàpá.

Ó kọ, ó dìde, ó na ara. Ó kọ, ó dìde, ó na ara. Òkúta wà nínú ìlà náà, Ẹtu kò fà á. Ó lóṣòó, ó gbá a mọ́ àyà, ó fi itan dìde. Ìmàdò gbọ́ ìró ọkọ́, ó dé, ó fẹ́ gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹtu ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì." Wọ́n pàdé láàárín. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí èèbù fi wọlé tán. Ẹtu nàró, ó nàró dáadáa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀yìn kò dun òun mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pariwo, wọ́n ń jó nínú ẹrẹ̀.

Ariwo ijó náà dé etí Ìjàpá.

"Yánníbo, kí ni wọ́n ń jó?"

"Ẹtu ti kọ ìlà yín tán."

"Ó ti tán? Ìlà mi? Háà! Yánníbo, ẹsẹ̀ mi! Mo mọ̀ ọ́n lára! Ara mi ti yá! Pe Ìyá Òjòlá kó wá ṣí mi, kí n lọ bá wọn jó!"

Gbogbo ẹranko dé. Wọ́n yọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Òjòlá fi ẹnu ọ̀bẹ wá àlàfo láàárín igbá àti ẹ̀yìn. Kò rí i. Ó gbìyànjú níhìn-ín, Ìjàpá ké. Ó gbìyànjú lọ́hùn-ún, Ìjàpá ké. Kò mọ ibi tí igbá parí sí tí eegun ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Òjòlá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ìjàpá, ọjọ́ wo lo mọ ẹsẹ̀ rẹ lára?"

"Lónìí, Ìyá."

"Bó bá jẹ́ òní ni, ìbá ṣí lónìí. Oje yìí ti wọ eegun lọ tipẹ́tipẹ́."

Ẹ̀rù ba Ìjàpá, ẹ̀rù bà á dénú. Ó jẹ́wọ́. Orin ló fi jẹ́wọ́, torí kò ní ohùn mìíràn tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ gbè é:

Ẹ tú mi o, irọ́ ni mo pa!
— Rọra o, rọra.
Ẹsẹ̀ mi ò kú, kò kú rí!
— Rọra o, rọra.
Iṣu ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi!
— Rọra o, rọra.
Ẹ̀gún dùn mí, ó dùn mí o!
— Rọra o, rọra.
Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ bá mi ṣí i!
— Rọra o, rọra.

Ta ló máa gbà á gbọ́? Ìmàdò ní, "Ìrora ti dé ọpọlọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀gún gún láràárọ̀ tí kò mira, ó ní kò ṣe òun rí." Wọ́n rọra gbé e sábẹ́ igi. Wọ́n bu iyán fún un. Ìjàpá wo iyán náà, ó bú sẹ́kún.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá Òjòlá nìkan ló kù. Ìjàpá ní, "Ìyá, ẹ̀yin mọ̀. Ẹ ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ dì mí?"

Ìyá Òjòlá ní, "Mo bi ọ́ láràárọ̀, Ìjàpá."

Ó sì wọ́ lọ.

Ọdún yípo. Àáró tún dé. Koríko ti bo oko Ìjàpá, ó nílò ẹni tó máa bá a kọ ebè ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó gbé ọkọ́, ó wọ́ tìkẹ̀tìkẹ̀ dé ibi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ lọ sí oko Ẹtu, ẹ lọ sí ti Ìmàdò, kí tèmi gbẹ̀yìn. Ìlà tí ẹ bá fún mi ni n ó kọ. Ìlà méjì pàápàá. Ẹ wò ó, mo ṣì lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ó fẹ́ tẹ̀. Ẹ̀yìn kò tẹ̀. Ó fi agbára sí i. Gbogbo ara rẹ̀ ló yí papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣubú sẹ́yìn, igbá lu ilẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lókè, ó ń fi wọ́n wá nǹkan tó máa dìmú nínú afẹ́fẹ́.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹtu ló jáde láàárín wọn. Ó lóṣòó, ó gbá Ìjàpá mọ́ àyà, ó fi itan dìde, ó dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ padà. Ó nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí igbá rẹ̀.

Ó ní, "Ìjàpá, aláìsàn kì í wá sí àáró. Lọ sinmi. A ó máa gbé oúnjẹ wá bá ọ."

Wọ́n gbé ọkọ́ wọn, wọ́n sì lọ.

Ìdí nìyẹn tí igbá Ìjàpá kì í fi bọ́ bí aṣọ. Ẹni tó bá rí igbá Ìjàpá tó ti kú, kó yí i padà kó wo inú rẹ̀, yóò rí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀ gbọọrọ, ó lẹ̀ mọ́ igbá, wọ́n ti di ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè tẹ̀ síwájú tàbí tẹ̀ sẹ́yìn, tó sì jẹ́ pé bó bá ṣubú tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, àfi kó máa fi ẹsẹ̀ na afẹ́fẹ́ títí ẹnìkan á fi kọjá. Ohun tó fẹ́ ló rí gbà. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ní kí Ìjàpá wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oko ẹnikẹ́ni mọ́.

Ibi tí ààlọ́ mi ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí n má lè dìde lórí àpótí yìí.

Ẹ wò ó, mo ti dìde. Ẹ lọ sùn.